Ṣọ́ọ̀bù wo ni kí n gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò àtijọ́ mi lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní Morris Minor 1000 kan, ti ọdún 1967, ẹ́ńjìnnì 1098 cc ló wà nínú ẹ̀, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Ó ti ń ru èéfín búlúù, ó ń mu ọ́ìlì bí nǹkan míì. Mẹkáníìkì mi ti tú u sílẹ̀ tán, ó ní ká lọ rìbọ́ọ̀ ẹ̀, ìyẹn ni pé ká gé ihò sílíńdà tí pístìn ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀ fẹ̀ sí i, ká fi òkúta lọ kránkì, irin tí àwọn pístìn ń yí nísàlẹ̀, ká sì fésì tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn ni pé ká gé ojú irin tó bo sílíńdà lókè kó lè tẹ́jú. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo rí. Ti àkọ́kọ́, máṣíìnì wọn tuntun, ó ń dán gbinrin, owó wọn ò wọ́n, wọ́n ní kí n gbé e wá, pé ọjọ́ kẹta ni màá gbé e padà, kí n ṣáà ti ra pístìn 040 dání. Ìkejì, bàbá àgbà kan ni, máṣíìnì ẹ̀ ti pẹ́, ó ní ó máa tó oṣù méjì kó tó kàn mí, owó tó pè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì tàkọ́kọ́. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì, kí ni mo sì máa fi mọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè kó o tó gbé e lọ, torí púpọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí nírú ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà tí wọ́n bá ti gé irin ẹ́ńjìnnì wọn kọjá ààlà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń wá èèyàn. Màá dáhùn ẹ o, àmọ́ jẹ́ n kọ́kọ́ mú nǹkan kan nínú ohun tó o sọ, pístìn 040 tí wọ́n ní kó o rà dání yẹn. Ta ló wọn sílíńdà ẹ? Ẹ́ńjìnnì ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ẹ, wọn ò tíì fojú kàn án, wọ́n ti mọ pístìn tó máa wọ̀ ọ́. Télọ̀ tó gé aṣọ kó tó wọn èèyàn, ṣé o máa gbé aṣọ fún un?

Ihò sílíńdà ẹ́ńjìnnì 1098 yẹn, 64.58 mílímítà ni fífẹ̀ ẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Tá a bá sọ pé 020, ká pín ínǹṣì kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ká mú ogún níbẹ̀, ó jẹ́ bí ìdajì mílímítà. 040 jẹ́ bíi mílímítà kan. Ó kéré lójú, àbí? Àmọ́ irin tí wọ́n bá ti gé, kò sẹ́ni tó lè dá a padà, tó bá wá jẹ́ pé 020 ti tó láti kó gbogbo ibi tó jẹ kúrò, tí wọ́n kàn fò ó lọ sí 040 torí pé pístìn yẹn ló wà nílẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti fi rìbọ́ọ̀ kan tó o ṣì lè ṣe lọ́jọ́ iwájú ṣòfò fún ẹ nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ òdìkejì, kó jẹ́ pé ẹnì kan ti rìbọ́ọ̀ ẹ̀ sí 040 kí bàbá ẹ tó rà á pàápàá, mọ́tò tó ti lé láàádọ́ta ọdún, ta ló mọ gbogbo ibi tó ti gbà kọjá? Bọ́ sídìí àwọn pístìn tó tú jáde yẹn lónìí, nu orí wọn dáadáa, tó bá jẹ́ pístìn òvásáìsì ni, ìyẹn èyí tó tóbi ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sórí ẹ̀. Kọ ohun tó o bá rí níbẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí èmi fi ń mọ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn o: ṣé wọ́n ń wọn nǹkan kí wọ́n tó gé e, ṣé wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀, ṣé wọ́n á fi hàn ẹ́. Máṣíìnì tuntun, máṣíìnì àtijọ́, kọ̀ǹpútà lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn ìyẹn ló wà. Máṣíìnì bọ́ọ̀ tó ti pẹ́ tí ẹni tó mọ ọwọ́ ẹ̀ ń lò ó máa gún sílíńdà tó gún régé, tuntun náà á gún tìẹ tó bá jẹ́ ibi tí kò yẹ kó gún ni wọ́n dojú ẹ̀ kọ.

Nítorí náà, lọ síbẹ̀, dúró, kó o wo bí wọ́n ṣe ń wọn sílíńdà ẹlòmíì. Ẹni tó mọṣẹ́, ó máa kọ́kọ́ fi irin ìwọ̀n yẹ máíkírómítà ẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kínníkínní, wò bóyá ó ṣì ń sọ òótọ́, lẹ́yìn náà lá wá fi máíkírómítà yẹn to géèjì gígùn kan tójú ẹ̀ dà bíi ti aago. Ó máa ki géèjì yẹn bọ inú sílíńdà, á rọra mì ín síwá sẹ́yìn títí ọwọ́ aago yẹn á fi dé ibi tó ti ń yí padà, ibẹ̀ lá kà. Á wọn òkè níbi tí ríìngì àkọ́kọ́ lára pístìn ń gùn dé, á wọn àárín, á wọn ìsàlẹ̀, á wá yí géèjì sí ọ̀nà kejì, á tún wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀ẹ̀mẹfà nìyẹn fún sílíńdà kan, mẹ́rìnlélógún fún ẹ́ńjìnnì tìẹ. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é báyẹn ni pé sílíńdà kì í jẹ dọ́gba, òkè ló máa ń jẹ jù, ẹ̀gbẹ́ tí pístìn ń fara tì nígbà tí iná bá ń tì í wálẹ̀ ló sì máa ń jẹ ju ẹ̀gbẹ́ kejì, ihò tó rí róbótó tẹ́lẹ̀ á ti wá rí bí ẹyin. Ẹni tó wọn ojú kan ṣoṣo, kò tíì wọn nǹkan kan. Ẹni tó sì fi ìka ra inú ẹ̀ tó ní "040 lèyí máa gbà", dákun, kí i pó dàbọ̀.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa ṣọ́. Ooru. Irin máa ń wú tó bá gbóná, gbogbo ayé ló sì gbà pé ìwọ̀n 20 lórí Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì ni ká fi máa wọn nǹkan irin. Sílíńdà bíi tìẹ, tó bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa fi bíi méje nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà fẹ̀ sí i. Tí bílọ́ọ̀kù, ìyẹn odindi irin tí ihò sílíńdà wà nínú ẹ̀, bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú omi gbígbóná tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, tí wọ́n wá ń wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ yẹn, irọ́ ni. Oníṣẹ́ gidi á ní kó o lọ, kó o padà wá lọ́la, ó fẹ́ kí bílọ́ọ̀kù àti pístìn jọ sùn sínú yàrá kan náà kí wọ́n lè jọ tutù dọ́gba.

Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán ni wọ́n á tó sọ pé 020 ni tàbí 040, ìgbà yẹn lo máa wá ra pístìn, o máa gbé e fún wọn, wọ́n á sì wọn pístìn fúnra ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè má rí bákan náà délẹ̀. Ìsàlẹ̀ pístìn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò sí ihò píìnì, kì í ṣe orí ẹ̀ o, orí máa ń kéré díẹ̀. Wọ́n á wá fi àlàfo tí àwọn tó ṣe pístìn kọ sínú bébà ẹ̀ kún un, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n á gún sílíńdà náà dé. Bébà yẹn, má jù ú nù, má sì jẹ́ kí páálí pístìn dé ọwọ́ wọn láìsí bébà nínú. Máṣíìnì bọ́ọ̀ náà ò gbọ́dọ̀ gún un parí o, ó yẹ kó ṣẹ́ku díẹ̀ tí wọ́n máa fi òkúta họ́ọ̀nù parí, òkúta yẹn ló ń fa àwọn ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín tó gbé ara wọn kọjá sínú sílíńdà, inú àwọn ìlà yẹn ni ọ́ìlì ń dúró sí tí ríìngì á fi jókòó dáadáa. Béèrè bóyá wọ́n ní torque plate, irin nínípọn kan ni, wọ́n máa ń dè é mọ́ orí bílọ́ọ̀kù bíi pé tọ́ọ̀pù sílíńdà ti wà lórí ẹ̀ kí wọ́n tó họ́ọ̀nù, torí bọ́ọ̀tì tí wọ́n bá ti fún máa ń fa sílíńdà wọ́. Tí wọ́n bá ní tó bá ẹ́ńjìnnì ẹ mu, ó dáa gan-an. Tí wọn ò bá ní, tí gbogbo nǹkan yòókù sì dáa, èmi ò ní tìtorí ẹ̀ kọ̀ wọ́n fún Minor tí kò fẹ́ sáré ìdíje.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ sílíńdà látòkè, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó na owó kankan lórí bílọ́ọ̀kù yẹn, ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ pé kò sán. Ìtò iṣẹ́ yẹn ṣe pàtàkì: wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wò ó bóyá ó sán, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á tó gé e. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti rìbọ́ọ̀ bílọ́ọ̀kù tán, tí wọ́n họ́ọ̀nù ẹ̀ tán, kó tó di pé omi ń yọ lára ẹ̀, ẹni tó ni mọ́tò sì ti sanwó gbogbo ẹ̀. Fún irin bíi tìẹ, òòfà ni wọ́n ń gbé sí i, wọ́n á wá wọ́n lúbúlúbú irin lé e, lúbúlúbú yẹn á sáré lọ tò sójú ibi tó bá ti sán. Òòfà ò ṣiṣẹ́ lára alumíníọ̀mù, ọ̀dà pupa kan tó ń wọ inú ibi tó bá sán ni wọ́n ń lò fún ìyẹn. Wọ́n tún lè dí gbogbo ojú omi tó wà lára tọ́ọ̀pù sílíńdà, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, kí wọ́n wá rì í sómi, ibi tó bá ti ń hó ló ti sán. Lára tọ́ọ̀pù sílíńdà onírin, ní kí wọ́n wo àárín ìjókòó fáàfù méjì, ibi tí fáàfù ń jókòó lé tó bá padé, dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń fẹ́ sán jù. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan yìí, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ fún ẹ. Kò sóhun tó burú nínú kí wọ́n gbé iṣẹ́ síta, ohun tó burú ni kí wọ́n ní kò pọn dandan.

Kránkì ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ẹ, bẹ́ríìnì ńlá mẹ́ta péré ló gbé kránkì yẹn ró, torí náà wọn ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Wọ́n á wọn ọrùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ibi róbótó tí bẹ́ríìnì ti ń gbá a mú, wọ́n á sọ bóyá wọ́n máa lọ̀ ọ́ wálẹ̀ sí 010 tàbí 020 tàbí 030, ìgbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán lo máa ra bẹ́ríìnì, o ò ní rà á ṣáájú, ọ̀rọ̀ pístìn kan náà ni. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá oníṣẹ́ kránkì mọṣẹ́, wo igun ọrùn kránkì tó ti lọ̀ fún ẹlòmíì, ibi tí ọrùn ti pàdé ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó yẹ kí igun yẹn yí wọlé gẹ́rẹ́, tó o bá fi èékánná gbá a, kó má kọ́ ẹ. Tí igun yẹn bá mú ṣáṣá, ibẹ̀ ni kránkì máa ti ṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó lè má ṣẹ́ lónìí o, ó lè sáré fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, àmọ́ ibẹ̀ lá ti bẹ̀rẹ̀.

Fésì tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìwọ̀nba tó máa mú un gún ni kí wọ́n gé, torí bí wọ́n ṣe ń gé e ni àyè tí iná ti ń jó ń kéré sí i tí ìfúnpọ̀ sì ń lọ sókè. Kí wọ́n gbé irin gígùn tó tọ́ lé e níwájú ẹ, kí wọ́n fi géèjì pẹlẹbẹ wá abẹ́ ẹ̀, tí kò bá wọ́, kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ìjókòó fáàfù ló yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí wọ́n ṣe Minor yẹn, òjé wà nínú pẹtiróò, òjé yẹn ló ń bo ojú ìjókòó fáàfù kó má jẹ. Kò sí mọ́ níbi kankan báyìí, orílẹ̀-èdè tó dáwọ́ títa ẹ̀ fún mọ́tò dúró kẹ́yìn ni Algeria, lọ́dún 2021. Ìjókòó fáàfù tìẹ sì rèé, ara irin tọ́ọ̀pù sílíńdà náà gan-an ni wọ́n gé e sí, irin yẹn ò sì le tó. Ti fáàfù tó ń tú èéfín síta ló máa ń rì wọlé díẹ̀díẹ̀ tó o bá ń fi mọ́tò sáré gan-an lọ́nà jíjìn, àlàfo fáàfù á máa pòórá títí fáàfù ò fi ní lè padé mọ́. Torí náà béèrè bóyá ẹnì kan ti fi ìjókòó irin líle sí i rí. Tí kò bá tíì sí, ìgbà tí gbogbo nǹkan ti tú sílẹ̀ yìí ló yẹ kó o ṣe é, ó kéré tán fún mẹ́rin ti ibi èéfín. Àmọ́ iṣẹ́ yẹn gba ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ jìn jù wọ́n á bọ́ sójú omi, tí ìjókòó náà ò bá sì fún dáadáa, ó máa já bọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bi wọ́n léèrè iye irú ẹ̀ tí wọ́n ti ṣe sí ẹ́ńjìnnì A-series, ìyẹn irú ẹ́ńjìnnì tìẹ yìí. Tí wọ́n bá ń wòkè wòlẹ̀, gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ síbòmíì, kò pọn dandan kí ṣọ́ọ̀bù kan ṣe gbogbo ẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fáwọn tó ní mọ́tò àtijọ́ míì pé kí wọ́n wá ẹni tó ti fọwọ́ kan irú ẹ́ńjìnnì wọn rí. Peugeot 504, sílíńdà ẹ̀ ṣeé fà yọ, omi yí i ká, ó sì gbọ́dọ̀ yọrí díẹ̀ sókè ju bílọ́ọ̀kù lọ kí gáàsíkẹ̀ẹ̀tì tó lè fún un mọ́lẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ìyẹn á kàn fésì gbogbo ẹ̀ pọ̀. Volkswagen Beetle, sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dá wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ tó wà lára ẹ̀ ni ti àpò maginísíọ̀mù tó gbé kránkì dání. Chevrolet V8 àtijọ́, iwájú ojú bílọ́ọ̀kù tí tọ́ọ̀pù ń jókòó lé ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí, tí wọ́n bá fésì bílọ́ọ̀kù láìbéèrè, nọ́ńbà tí àwọn olùrà ń wá kiri ti lọ nìyẹn.

Ká padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́ta tí ti àkọ́kọ́ dá ń fù mí lára. Fífọ̀, yíyẹ̀ wò, wíwọ̀n, dídúró de pístìn, bọ́ọ̀, họ́ọ̀nù, kránkì, tọ́ọ̀pù sílíńdà, kí gbogbo ẹ̀ parí lọ́jọ́ mẹ́ta, a jẹ́ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa fò. Bàbá àgbà yẹn, oṣù méjì tó dá fi hàn pé àwọn èèyàn ń dúró dè é, ìyẹn dáa. Àmọ́ má tìtorí pé ó dàgbà gbé e fún un o. Àwọn àgbà kan wà tó jẹ́ pé géèjì wọn ti ń purọ́ látọjọ́ pípẹ́, wọn ò mọ̀. Wo ibi tí wọ́n ti ń wọn nǹkan níbẹ̀: ṣé ó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń lọ irin, ṣé máíkírómítà wà nínú páálí ẹ̀ àbí àárín èérún irin ló ń sùn. Wo àwọn ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀, ṣé wọ́n so orúkọ mọ́ wọn, ṣé ibi tí wọ́n ti gé tán ní ọ́ìlì lára àbí ó ti ń dípẹtà. Bi wọ́n pé irú iṣẹ́ wo ni wọn kì í gbà. Ẹni tó bá ní kò sí èyí táwọn ò lè ṣe, ẹsẹ̀ mi á yá kúrò níbẹ̀.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá gbé bílọ́ọ̀kù nìkan lọ bá bàbá yẹn, màá ní kó fọ̀ ọ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó wọ̀n ọ́n, kó kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún sí bébà, kò gbọ́dọ̀ gé nǹkan kan. Màá sanwó ìyẹn lọ́tọ̀. Tó bá gbà tó sì kọ ọ́ kalẹ̀ nigín-nigín, màá dúró oṣù méjì ẹ̀. Tó bá bínú pé kí ló dé tí mo fẹ́ rí ìwọ̀n, màá kó ẹrù mi. Tí ti àkọ́kọ́ náà bá gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ 040 yẹn, mi ò ní bá ẹ jà tó o bá lò wọ́n, owó kékeré ò dun ẹnì kankan.

Kí ohunkóhun tó kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ẹ, wo ìdérí bẹ́ríìnì ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ti kọ̀ǹróòdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn irin tó so pístìn mọ́ kránkì, kí wọ́n ní nọ́ńbà tó fi ibi tí kálukú ń jókòó hàn. Wọ́n gún ìdérí kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ibùjókòó ẹ̀ ni, kò ṣeé pààrọ̀ fúnra wọn láé. Fi fóònù ya gbogbo ẹ̀, títí kan ibi tó ti ha tẹ́lẹ̀. Kọ orúkọ gbogbo nǹkan tó o gbé kalẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kó àwọn ìdérí bẹ́ríìnì ńlá pẹ̀lú bọ́ọ̀tì wọn mọ́ bílọ́ọ̀kù lọ, tó o bá sì fẹ́ kí wọ́n bálánsì kránkì, fíláwíìlì àti kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Bi wọ́n nípa gàráńtì náà. Ṣọ́ọ̀bù á dúró lórí ohun tí wọ́n gé, wọn ò ní dúró lórí bí mẹkáníìkì ẹ ṣe to ó, tí ẹ́ńjìnnì bá wá ń kàn, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ síra wọn, ìwọ lo máa wà láàárín. Ohun tó ń gba èèyàn níbẹ̀ ni kí mẹkáníìkì fi Plastigauge, okùn ike tín-ín-rín tí wọ́n ń tẹ̀ pẹlẹbẹ sáàárín bẹ́ríìnì, yẹ àlàfo bẹ́ríìnì wò kó tó dé e pa, kó o ya fọ́tò ẹ̀. Nígbà tí bílọ́ọ̀kù bá sì dé, kí ẹ má gbà pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ o. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni, pẹtiróò kì í kó ìyẹ̀fun òkúta họ́ọ̀nù jáde. Ẹ fi aṣọ funfun nu inú sílíńdà, tó bá ṣì jáde ní dúdú ẹ tún un fọ̀, títí aṣọ á fi jáde bó ṣe wọlé. Kí ẹ fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀, torí irin tuntun yẹn kì í pẹ́ dípẹtà.

Tí bébà ìwọ̀n yẹn bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ya á ránṣẹ́ sí mi kó o tó ra pístìn, kó o sì sọ nọ́ńbà tó o bá lórí àwọn pístìn àtijọ́ yẹn.